Ọ̀rọ̀ Mẹ́rìnlélógún Lára Irin

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù sí Sirajudeen Fọláwẹwọ́ lẹ́nu lẹ́yìn tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ọ̀rọ̀ náà ni "lọ́la." Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á ní, "Lọ́la." Bí ara bá ń ro ó, á ní, "Lọ́la, lọ́la." Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ó mọ òun, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó sì rọra dáhùn pé, "Lọ́la."

Hàlímọ̀tù ni orúkọ ìyàwó náà. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé agbègbè Ọ̀tà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọmọrí ìgò ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà Ìyànà Ìyesí. Ìdúró ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà láti àárọ̀: ọmọrí á máa ṣàn kọjá níwájú wọn bí omi, wọn á sì máa ṣa èyí tí kò dára kúrò. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ń tún iná ṣe ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ìjòkó ni wọ́n kọ́ ilé sí. Wọn ò tíì rẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òrùlé ti wà lórí rẹ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ruqoyah, sì ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlàrò.

Sirajudeen kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ kó tó ṣàìsàn. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ra bítíkọ́ìn, owó orí ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn ń sọ nígbà náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rà á, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ náà ń rà á, ṣùgbọ́n inú fóònù, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan báyìí, ni onítọ̀hún ń kó tirẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kan ilé iṣẹ́ náà pòórá. Sirajudeen rí bí àgbàlagbà ọkùnrin ṣe ń sunkún lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì bí ọmọ tí wọ́n já ọmú lẹ́nu rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tó fi ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń tọ́jú irú owó bẹ́ẹ̀, kò gùn ju ìka lọ, ó dà bí fúláàṣì tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, ó ní ojú gíláàsì tóóró àti bọ́tìnnì méjì lórí.

"Ìyá Ruqoyah," ló wí nígbà tó fi hàn án, "owó tó bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tẹlòmíràn ni. Tèmi nìyí. Jókòó kí n ṣàlàyé fún ọ. Bí nǹkan bá ṣe mí..."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Hàlímọ̀tù ti dìde. "Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Nǹkan kan ò ní ṣe yín, lágbára Ọlọ́run."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ rẹ̀ gbìyànjú láàárín ọdún mẹ́rin yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọjọ́ Àlàmísì kan ni wọ́n gbé e wá láti ibi iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú tì. Nílé ìwòsàn, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ pe Hàlímọ̀tù sí kọ̀rọ̀.

"Ìyá, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ọrùn lọ sí ọpọlọ bàbá ti dí. Ẹ̀jẹ̀ ń fi tipátipá kọjá ni. Bí a ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ láti là á, irú èyí tó ṣẹlẹ̀ yìí lè tún padà wá. Èkejì kì í sì í fojú àánú wo èèyàn."

"Títí dìgbà wo ni, dókítà?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá pẹ́ jù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èkó ni wọ́n á ti ṣe é."

Nígbà tó gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà, ńṣe ni etí rẹ̀ hó yee. Àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti kó àjọ fún un kó tó kàn án. Àwọn ará mọ́sálásí ti dá tiwọn. Bẹ́ẹ̀dì àti òògùn ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ìgbà náà ló rántí ẹ̀rọ kékeré yẹn.

Inú àpò aṣọ Jímọ̀ọ̀ ọkọ rẹ̀ ló ti rí i. Ó gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ki wáyà rẹ̀ bọ ṣájà fóònù. Ojú rẹ̀ tàn, ó ní kó tẹ nọ́ńbà àṣírí. Hàlímọ̀tù tẹ ọdún tí wọ́n bí Ruqoyah. Ẹ̀rọ náà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀ẹ̀mejì ló kù. Ó tẹ ọdún tí wọ́n ṣe yìgì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù, bó bá sì tún ṣì í, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni yóò pa rẹ́. Ó fa wáyà náà yọ bí ẹni pé iná jó o. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tó sì wọlé, kò sọ fún un. Ojú ń tì í. Ó rò pé òun ti fi ọwọ́ ara òun lé ẹ̀mí ọkọ òun dé bèbè.

Ó wá lọ bá Múyìwá, ẹni tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ bíríìjì Ṣàngó, nítòsí Tóògéètì. Ọkùnrin náà yí ẹ̀rọ náà síwá sẹ́yìn.

"Màmá, mi ò mọ iṣẹ́ eléyìí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é máa ń ní àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n wá nọ́ńbà wọn."

Ó wá a lórí fóònù, ó rí nọ́ńbà Wásáàpù kan, ó sì fi fóònù Hàlímọ̀tù kọ̀wé ránṣẹ́ sí i. Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé tí èsì fi dé. Ẹni náà kí Hàlímọ̀tù, ó bá a kẹ́dùn àìsàn ọkọ rẹ̀, ó ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ náà fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún, gbogbo ẹni tó bá ní i ló sì ń kọ ọ́ pamọ́ síbì kan. Kó wá a, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Láàárín wákàtí kan àwọn á ti bá a ṣí i.

"Ẹ ò rí i? Aláàánú ni wọ́n," ni Múyìwá wí.

Ọpẹ́ ni Hàlímọ̀tù ń dá títí ó fi délé. Ó wá nǹkan náà láàárín ìwé ilẹ̀, láàárín Kùránì, lẹ́yìn fọ́tò ìgbéyàwó. Ó fi ọ̀bẹ la ìsàlẹ̀ tìmùtìmù. Kò rí ìwé kankan tó ní ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún.

Nígbà tí wọ́n dá Sirajudeen sílẹ̀ nílé ìwòsàn, tí ó dùbúlẹ̀ ní pálọ̀, Hàlímọ̀tù lọ kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá Ruqoyah, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yẹn fún yín, níbo lẹ kó wọn sí?"

Ojú ọkùnrin náà tàn. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó nà án sí ẹnu ọ̀nà. "Lọ́la! Lọ́la!"

Hàlímọ̀tù rò pé atẹ́gùn ló ń fẹ́. Ó pe ará ilé kejì, wọ́n jọ gbé e lọ jókòó ní ìta. Níbẹ̀ ó ń nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń kígbe "lọ́la" títí itọ́ fi ń dà lẹ́nu rẹ̀, àwọn tó ń kọjá sì ń wò ó tàánútàánú. Hàlímọ̀tù ò lè fara dà á. Wọ́n tún gbé e wọlé.

Báyìí ni ọ̀sẹ̀ kìíní lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀, dókítà pè é lórí fóònù, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé owó ò tíì pé. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó gbé àpótí irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta, ó gun kẹ̀kẹ́ Máruwá, ó lọ bá Ògúndèjì, bàbá arúgbó kan tó ń ra irinṣẹ́ àlòkù ní Ṣàngó. Ó mọ̀ pé owó irinṣẹ́ ò lè san owó iṣẹ́ abẹ. Ó kàn fẹ́ rí nǹkan ṣe ni, nítorí ìjókòó nílé ti fẹ́ sọ ọ́ di wèrè.

Ògúndèjì ń tú àpótí náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: sípánà, òòlù, ẹ̀mú, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán iná wò. Nísàlẹ̀ pátápátá ó fa pátákó irin kékeré kan yọ, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ń dán.

"Ìyáàfin, kí lèyí? Ojúlówó irin ni, kì í dípẹtà. Màá bá yín rà á, màá fi lẹ nǹkan."

Hàlímọ̀tù gbà á. Wọ́n ti fi òòlù lu lẹ́tà sí i lára, ní ìlà méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin ni: LADD, ONIO, RIVE. Kò sí ìtumọ̀ kankan níbẹ̀. Ó ti fẹ́ dá a padà fún ọkùnrin náà kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Méjìlá lápá kan. Méjìlá lápá kejì.

Orí àpótí ọkọ rẹ̀ ló jókòó lé.

"Ṣé kò sí o?" ni Ògúndèjì ń bi í.

"Ẹ kó irinṣẹ́ yẹn padà sínú rẹ̀, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò tà á mọ́."

Bó ṣe délé ló gbé pátákó irin náà ka orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti dára. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ orúkọ àwọn aláàánú Wásáàpù náà. Ó ń tún ọwọ́ ṣe kí fọ́tò lè hàn dáadáa.

"Lọ́la!"

Kò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ rí. Kó tó yíjú, ọwọ́ òsì Sirajudeen ti gbá fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lu sìmẹ́ǹtì, ojú fóònù náà fọ́ yángá. Ọwọ́ náà padà, ó gbá pátákó irin náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Hàlímọ̀tù fà á. Ọkùnrin náà ò fi sílẹ̀. Wọ́n ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ ìdúró láti ogún ọdún àti ọkùnrin tí apá kan ara rẹ̀ ti kú, kò sì lè gbà á.

"Ẹ fi sílẹ̀! Wọ́n fẹ́ bá wa ṣí i ni! Owó iṣẹ́ abẹ yín ni!"

"Lọ́la! Lọ́la! Lọ́la!"

"Kò sí ọ̀la kankan!" Hàlímọ̀tù bú sẹ́kún. Láti ọdún méjìlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí. Lọ́jọ́ náà ó pè é. "Ṣé ìwọ fẹ́ kú ni? Ṣé o fẹ́ fi mí sílẹ̀ nítorí owó? Ó dáa, kú nígbà náà! Kú, kí n sinmi!"

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó ṣubú lé àyà ọkọ rẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ nínú ẹkún: nọ́ńbà tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan tó kù, Múyìwá, àwọn aláàánú tó ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́. Sirajudeen ń gbọ́. Nígbà tó parí, ọkùnrin náà fi pátákó irin náà sábẹ́ itan ara rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì, ó ń yí ìka. Ó fẹ́ ẹ̀rọ náà.

Hàlímọ̀tù gbé e fún un, ó ki wáyà rẹ̀ bọ páwà báǹkì. Ọkàn rẹ̀ fò sókè: ọkọ òun ti rántí nọ́ńbà náà! Ọkọ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà ka àyà, ó wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yá ó mi orí, bí ẹni tó wá nǹkan dé ibi tó máa ń gbé e sí tí kò bá a. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Òdo. Òdo. Òdo. Òdo.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!" Hàlímọ̀tù ti rí i. "Bàbá Ruqoyah, ẹ dúró!"

Ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnnì méjèèjì pọ̀. Ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn.

Ńṣe ni Hàlímọ̀tù jókòó sílẹ̀, ó ń wo sìmẹ́ǹtì. Ọdún mẹ́rin. Ọrùn tó dí. Ó ń rò ó pé àìsàn náà ti jẹ ọpọlọ ọkọ òun tán, pé òun ló fọwọ́ ara òun gbé nǹkan ọ̀hún fún un. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn kan. Sirajudeen ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ́ bí ẹnu rẹ̀ ṣe wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Ó fa pátákó irin náà yọ lábẹ́ itan, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ó sì ń fi ìka kan èyí, ó ń fi kan tọ̀hún.

Ojú ẹ̀rọ náà ti tún tàn. Hàlímọ̀tù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tiraka ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀. Ó ń béèrè bóyá wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tuntun, tàbí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún dá ti àtijọ́ padà.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ń mi orí sókè sódò bí alángbá.

Ẹ̀rọ náà ní kí wọ́n yan nọ́ńbà àṣírí tuntun. Sirajudeen fi ìka gún àyà ìyàwó rẹ̀: ìwọ ni kó o yàn án. Ó yàn án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Nígbà tó bá tẹ lẹ́tà mẹ́rin, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ á kọ ọ̀rọ̀ náà tán. Wọ́n kí ìrun Àṣárì láàárín, wọ́n padà sí i. Ọ̀rọ̀ kẹrìnlélógún wọlé. Ojú ẹ̀rọ náà dúró díẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ò tọ̀nà.

Hàlímọ̀tù tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan gbáko. Kò tún tọ̀nà.

"Ọlọ́run mi, kí ni mo ṣe?" Ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Bóyá ọkọ rẹ̀ ló ṣì í lù. Bóyá irin náà kì í ṣe nǹkan kan rárá. Ó fi ìka kàn án, ó ń kà á fún ọkọ rẹ̀ létí, apá òsì, apá ọ̀tún, apá òsì, apá ọ̀tún, bí wọ́n ṣe ń ka ìwé. Kò tíì dé ẹ̀kẹta tí ọkùnrin náà fi di ìka rẹ̀ mú. Ó fà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ní apá òsì, ó dé òpin, ó gbé e padà sí òkè ní apá ọ̀tún, ó tún fà á wá sílẹ̀.

Òkè sí ìsàlẹ̀ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, ńṣe ni Hàlímọ̀tù ń kà á ní ìbú.

Wọ́n ti ń pe ìrun Mọ̀gàrí nígbà tí ẹ̀rọ náà gbà á. Kò sí ariwo ayọ̀. Ó ti rẹ̀ wọ́n jù. Hàlímọ̀tù gbé orí lé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ rẹ̀, èyí tó ti kú tì, títí ẹni tó ń pe ìrun fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ló lọ bá Joy níbi iṣẹ́. Joy ni wọ́n jọ máa ń dúró sí ibi ọmọrí ìgò, Ṣàngó ló dàgbà sí, ó sì máa ń bá àwọn èèyàn ra bítíkọ́ìn, ó máa ń bá wọn tà á lọ́jọ́ ìsinmi. Nígbà tí Hàlímọ̀tù ròyìn fún un, Joy gbé ọwọ́ lé orí.

"Màmá, bí ẹ bá ti fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́, kí ẹ tó dé Tóògéètì, òfo ni ẹ máa bá. Owó ò sí nínú ẹ̀rọ yẹn o. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni owó. Bí ẹ̀rọ bá sọ nù, bó bá jóná, ẹ máa ra òmíràn. Ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ yẹn ti rí owó."

"Ṣé kí n gbé irin náà wá kí o bá mi wò ó?"

"Ẹ má gbé e wá! Ẹ má fi han èmi náà. Kódà bí mo bá bẹ̀ yín."

Ní ilé Hàlímọ̀tù ni wọ́n ti ṣe é, lójú Sirajudeen. Joy so ẹ̀rọ náà mọ́ fóònù ara rẹ̀, Hàlímọ̀tù fúnra rẹ̀ sì tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, Joy kọjú sí ògiri. Owó náà wà níbẹ̀. Díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rán sí ẹni tí Joy bá wọn tà á fún, láti dán ọ̀nà wò. Joy ní kó fi lẹ́tà àdírẹ́sì ibi tí owó ń lọ tó wà lójú fóònù wé èyí tó wà lójú ẹ̀rọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ojú ẹ̀rọ kékeré yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́, Màmá. Fóònù lè purọ́."

Díẹ̀ náà dé. Wọ́n rán èyí tó kù, owó iṣẹ́ abẹ sì wọ báǹkì Hàlímọ̀tù.

Ọjọ́ kejìdínlógún ni wọ́n gbé Sirajudeen wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní Èkó. Hàlímọ̀tù jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, Ruqoyah tó ti Ìlàrò dé fi orí lé e léjìká. Dókítà ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ léwu, pé owó sísan kì í ṣe ìlérí. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ló ń gbójú sókè. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ kí wọ́n tó pè é.

Ọkùnrin náà yè é. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn yí ilé ká ní Ìjòkó, kò sì dájú pé yóò lè padà sí ilé iṣẹ́ irin mọ́. Ọ̀rọ̀ ń padà sí i lẹ́nu ní ẹyọ ẹyọ: "omi" ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà "Hàlímọ̀," lẹ́yìn náà "rárá." Rárá ló ń lò jù. Hàlímọ̀tù lọ bá Múyìwá lábẹ́ bíríìjì láti sọ irú èèyàn tí àwọn aláàánú rẹ̀ jẹ́ fún un. Ọkùnrin náà búra, ó ní òun ò mọ̀. Bóyá òótọ́ ló ń sọ, bóyá irọ́ ni, Hàlímọ̀tù ò mọ̀ títí di òní. Ó gba fóònù rẹ̀ tó fọ́, tí Múyìwá ti bá a tún ṣe, ó san owó rẹ̀, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, nítorí ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí lọ́jọ́ náà.